Wàrà Àlejò

“Ẹ káàárọ̀, Dúdúyẹmí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síwájú díẹ̀.”

Òṣùwọ̀n ló ń sọ̀rọ̀, màlúù ló sì ń bá sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ náà ní Yorùbá, wọ́n tẹnu mọ́ ọ̀wọ̀ débi pé kò mọ ẹni tí a kì í kí. Ó ń pe màlúù ní “ẹ”, ó ń pe ewúrẹ́ ní “ẹ”. Lọ́jọ́ kan tí ó ń fi ẹsẹ̀ irin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn kọjá, etí mi báyìí ló gbọ́ tí ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkúta tí ó kọ lù. Ọ̀wọ̀ náà gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹran ọ̀sìn lọ́wọ́ ènìyàn, ó yẹ kí ó lè bú onítọ̀hún dáadáa, kí gbogbo wa lè mọ̀ pé ọ̀tá ló dé.

Dúdúyẹmí kò sún. Ìyá Ṣèkí, obìnrin arúgbó tí ó ni ín, fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a ní ìdí, màlúù náà sì rọra wọ àárín irin méjì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nítorí ìwọ̀n. Òṣùwọ̀n na ọrùn rẹ̀ gígùn, ó tẹjú mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà lọ́rùn màlúù náà, níbi tí iye wàrà oṣù kan gbáko wà. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ti ń tàn bí ewé tútù láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pọ́n.

“Lítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lóòjọ́,” ni Òṣùwọ̀n wí. “Dúdúyẹmí wà lábẹ́ Ìlà Ọdẹ́tòún. A bá yín kẹ́dùn.”

Èmi ni Ọdẹ́tòún. Ìbídùnní Ọdẹ́tòún, olùwádìí àgbà ní Ilé Ìwádìí Wàrà. Bàbá mi tí ó fi orúkọ náà sílẹ̀ fún mi, kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe ní Ìgbòho, kò sì pa ohun tí ó ju adìẹ lọ títí ó fi kú. Ní ọdún mẹ́sàn-án yìí, màlúù ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ni wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ pa.

Màlúù mọ́kànlá péré ló kù ní Abà Ọlọ́ràá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ilé méjìlélógún ló sì ń jẹ lára wọn. Dúdúyẹmí ni ìkeje tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ máa pọ́n. Ọkọ̀ ńlá kan ti fi ìdí wọ ẹnu ọgbà, Kúforíjì awakọ̀ sì jókòó sí àtẹ̀gùn rẹ̀, ó ń bó ẹ̀pà, ó ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní ìyàwó, ó ní ẹ̀yìn ríro, ó sì fẹ́ délé kí oòrùn tó kan àtàrí.

Dúdúyẹmí jáde nínú irin, ó kọrí sí ibi ọpọ́n omi. Ọpọ́n mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdérí tirẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ tó tutù bí ewé bá ti sún mọ́ ọn, ìdérí á ṣí, omi á rú jáde. Gbogbo òwúrọ̀ ayé rẹ̀ ni ìdérí náà ti ń ṣí fún un. Ó fi imú tì í. Ó dúró. Ó tún fi imú tì í.

“Kò ní ṣí mọ́, ìyá mi,” ni Ìyá Ṣèkí sọ fún un. “Wá, jẹ́ ká lọ dúró lábẹ́ igi.”

Mo yíjú kúrò. Ó yẹ kí iṣẹ́ yìí ti mọ́ mi lára, àwọn kan ní ilé iṣẹ́ wa sì gbà pé ó ti mọ́ mi lára. Òfin kò gbà kí ẹ̀rọ nìkan dájọ́ ikú fún màlúù. Olùwádìí kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ojú gíláàsì Òṣùwọ̀n, kí ọkọ̀ tó lè ṣí ìlẹ̀kùn. Àwọn tí ó ṣe òfin náà rò pé àánú á wà nínú ẹni tí ó bá ń mí. Wọn ò mọ̀ pé àtàǹpàkò kì í ronú.

Kí ẹ má baà rò pé ìkà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ wá sí Òkè-Ògùn, màlúù ń kú bí ẹni pé wọ́n ń ṣẹ́ èpè fún wọn. Òjò ti di ohun tí àwọn àgbà ń sọ ìtàn rẹ̀. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ wọn lọ́rùn, a sì kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà láti gbọ́ bí ọkàn màlúù ṣe ń lù àti bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná. Ó lè sọ pé àrùn ọmú ń bọ̀ ní ọjọ́ márùn-ún kí ó tó dé. Ó lè sọ fún ẹni tó ni ẹran pé kó má jẹ́ kí akọ gun màlúù kan lọ́dún yìí, ewu wà níbẹ̀. Ọmọ màlúù tí ì bá kú yè. Wọ́n ń dárúkọ mi nínú àdúrà. Ìyá Ṣèkí fúnra rẹ̀ ṣe wàràkàṣì fún mi tí mo gbé lọ sílé fún bàbá mi.

Nínú ìwádìí yẹn náà ni mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé màlúù Òkè-Ògùn tí a bá tọ́jú dáadáa lè mú lítà márùn-ún wá lóòjọ́. Mo lọ sí abà mọ́kànlélógójì, mo lọ lẹ́ẹ̀mẹfà-mẹ́fà. Iye náà dúró ṣinṣin níbi gbogbo. Mo yọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí omi wá tán nínú adágún, tí ìjọba ní láti yan màlúù tí ó máa mu àti èyí tí kò ní mu, ìwé mi ni wọ́n ṣí. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ lítà márùn-ún.

Èyí tí kò yé mi fún ọdún mẹ́sàn-án ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti fa ìlà náà, kò sí màlúù tí ó ń débẹ̀ dáadáa. Mo ti di ẹ̀bi náà ru oúnjẹ, mo ti di í ru ooru, mo ti di í ru eégbọn. Mo kọ ìwé mẹ́ta lórí ooru nìkan.

Mo tọ Ìyá Ṣèkí lọ lábẹ́ igi emi. Ó ti di okùn Dúdúyẹmí mú, ọmọ tí Dúdúyẹmí bí, akọ kékeré kan tí ó ní funfun níwájú orí, sì ti sá tọ ìyá rẹ̀ wá, ó ti ki ẹnu bọ ọmú.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan,” mo wí. “Ìyá tí ó bí Dúdúyẹmí yìí, inú ọgbà yìí ni mo ti wọn wàrà rẹ̀. Lítà márùn-ún àti ààbọ̀. Mi ò lè gbàgbé. Oúnjẹ tí àwọn yìí ń jẹ sì dára ju ti ìgbà yẹn lọ. Kí ló gbé wàrà lọ?”

Ó wò mí títí.

“Ṣé o ò mọ̀ ni?”

“Mi ò mọ kí ni, Ìyá?”

“Há! Àwa rò pé ẹ mọ̀. A ní ẹ̀yin alákọ̀wé mọ̀, ẹ kàn mójú kúrò ni.” Ó fi ẹ̀gbẹ́ ìborùn rẹ̀ nu ojú. “Ìbídùnní, tí o bá ń bọ̀ nígbà yẹn, ṣé o kì í ránṣẹ́ ṣáájú?”

“Mo máa ń ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mi ò fẹ́ já lù yín.”

“Ẹ̀kọ́ ilé ni. A sọ ọ́ láàárín ara wa pé ọmọ yìí, wọ́n tọ́ ọ. Ó dáa. Tí àlejò bá wá ránṣẹ́ pé wàrà ilé rẹ lòun ń bọ̀ wá wò, ṣé èyí tí ọmọ màlúù mu kù ni wàá gbé síwájú rẹ̀? Láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú la ti máa ń so àwọn ọmọ wọn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Alẹ́ á lẹ́, a ò ní fún wàrà. Ilẹ̀ á mọ́, a ò ní fún wàrà. Ìgbà tí a bá gbọ́ ìró mọ́tò rẹ la tó ń bẹ̀rẹ̀ sídìí wọn, a ó sì fún ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbẹ.”

Ní Òkè-Ògùn, ọmú mẹ́ta ló ń wọ kọ́rọ́bá. Ìkẹrin, ti ọmọ ni. Àwọn Fúlàní ni wọ́n kọ́ àwọn bàbá wọn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń jiyàn rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá gba ìkẹrin lọ́wọ́ ọmọ kò ní rí màlúù fún wàrà lọ́dún mẹ́ta òní. Gbogbo ayé mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò rí wọn nígbà tí wọ́n ń fún wàrà rí. Wọn kì í jẹ́ kí n dé ìdí màlúù. Wọ́n ní àlejò kì í dúró síbi ìgbẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹní sórí àga fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á gbé kọ́rọ́bá wá bá mi pẹ̀lú ìfóòfó lórí rẹ̀, èmi á sì máa kọ̀wé.

“Abà yín nìkan ló ṣe é?” mo bi í.

“Abà wo ni kò mọ iyì àlejò?”

“Lẹ́ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà?”

“Lẹ́ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà. Dúdúyẹmí ní ẹ̀gbọ́n kan, abo ni. Ìgbà kẹfà yẹn ni ooru pa á lórí okùn níbi tí a so ó sí. Ràfíù ọmọ mi ló yára sin ín, kí o tó dé. A ò fẹ́ kí o rí i kí inú rẹ bàjẹ́.”

Wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn ará Òkè-Ògùn da gbogbo wàrà wọn síwájú mi, èmi ni mo gbé e, tí mo fi ṣe ọ̀bẹ fún wọn. Mo fẹ́ bínú sí wọn. Ọlọ́run ló mọ̀ bí mo ṣe wá ìbínú náà tó, tí mi ò rí i.

“Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Ta ní máa sọ fún àlejò pé oúnjẹ tó jẹ kì í ṣe èyí tí à ń jẹ lójoojúmọ́?”

“Nígbà tí wọ́n wá fa Ìlà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ń kó ẹran lọ?”

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹ̀rọ omi tí ó wà láàárín abà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó gbé ọmọ pọ̀n, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojú irin. Ẹ̀rọ náà kí i, ó kí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tú lítà mẹ́wàá sínú ike rẹ̀ fún òun, lítà márùn-ún fún ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀la. Lókè ibi tí wọ́n ń fi ọwọ́ lé ni wọ́n kọ Òfin Òtítọ́ sí, ní lẹ́tà ràgàjì: ỌWỌ́ TÍ Ó BÁ PURỌ́ FÚN ÒṢÙWỌ̀N, OMI KÒ NÍ MỌ̀ Ọ́N MỌ́.

Mo ti rí abà tí omi kò mọ̀ mọ́. Nítorí ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹnìkan tú tí ó so mọ́ màlúù mìíràn ni. Ọjọ́ kẹta, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, ìkòkò wọn ṣì wà lórí ààrò.

“A gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí Ìlà dé,” ni Ìyá Ṣèkí wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ó ń bẹ̀ mí. “A ní kí a máa so wọ́n lójoojúmọ́, kí iye lè pé. Ọmọ mẹ́rin kú láàárín oṣù méjì. Ohun tí èèyàn lè ṣe fún àlejò lọ́jọ́ kan, kò ṣeé ṣe lójoojúmọ́.”

“Dókítà!” Kúforíjì ti dìde, ó ń gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ṣòkòtò. “Ẹ jọ̀ọ́ o. Oòrùn ti ń mú. Tí ẹran bá dákú sínú ọkọ̀, èmi ni wọ́n máa ń dì í rù.”

Òṣùwọ̀n ti kí màlúù mẹ́rin tí ó kù. Méjì pọ́n, méjì ṣì tutù. Mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá. Ó yí orí rẹ̀ sí mi, ojú gíláàsì rẹ̀ tàn.

“Olùwádìí Àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, a ń retí àtàǹpàkò yín.”

Gbogbo abà ti kóra jọ sẹ́yìn ọgbà. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Àlàfo ibẹ̀ kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Bí mo bá tẹ̀ka, màlúù mẹ́sàn-án á kú ní ìrọ̀lẹ́ yìí lórí irọ́ tí mo mọ̀ nísinsìnyí pé irọ́ ni, abà yìí á sì túká kí ọdún tó yí po. Bí mo bá kọ̀ tí mo sì sọ ìdí rẹ̀, Òṣùwọ̀n á béèrè ọwọ́ tí ó fún wàrà náà. Ọwọ́ Ìyá Ṣèkí ni. Ọwọ́ gbogbo àgbàlagbà tí ó dúró sẹ́yìn ọgbà yìí ni, àti ti abà ogójì mìíràn.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Ṣèkí lẹ́yìn mi. Ó rí i lójú mi.

“Má sọ ọ́ o,” ló ń sọ, kò gbé ohùn sókè. “Ìbídùnní. Mo sọ ọ́ fún ọ bí ìyá ṣe ń sọ fún ọmọ. Jẹ́ kí màlúù máa lọ. Màlúù ni. Ọmọ ọwọ́ méje ló wà lábà yìí, wọ́n ń mu omi.”

“Mo gbọ́, Ìyá.”

“Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Mi ò ní dárúkọ yín.”

Mo dé iwájú Òṣùwọ̀n. Mo ká àtàǹpàkò mi mọ́ inú ìkúùkù.

“Ẹ dá a dúró,” mo wí. “Mo fẹ́ ṣe àtúnṣe sí ìwádìí.”

“Irú àtúnṣe wo ni, Olùwádìí Àgbà?”

“Irọ́ wà nínú ìwádìí tí ẹ fi fa Ìlà. Lítà márùn-ún kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Màlúù ilẹ̀ yìí kò mú ju mẹ́ta àti ààbọ̀ wá.”

Ó na ọrùn rẹ̀ gígùn sí mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹni ọ̀wọ̀ tí ó pa irọ́ náà?”

“Èmi ni. Mo jókòó sílé, mo bu iye lé iye, kí ìwé mi lè dùn-ún kà. Àwọn ará abà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.”

Kúforíjì ní “Yéè!”

“Ẹ tún un sọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ lé ojú gíláàsì.”

Mo tún un sọ. Mo fi ọwọ́ lé e, gbogbo àtẹ́lẹwọ́. Mo mọ ohun tí mo ń fi sílẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn, kò sí ẹ̀rọ omi láti Ìgbòho dé etíkun tí yóò mọ ọwọ́ yẹn mọ́. Ẹ̀rù bà mí, síbẹ̀ inú mi dùn. Kí n má purọ́ mọ́, inú mi dùn. Mo rò pé mo ti rí ọ̀nà kan tí ó ń gba inú ògiri kọjá, èmi nìkan ni yóò sì fara gbọgbẹ́ níbẹ̀.

“A ti gbà á,” ni Òṣùwọ̀n wí. “A dúpẹ́ fún òtítọ́ yín. Ìlà Ọdẹ́tòún ti parẹ́.”

Ariwo ayọ̀ sọ lẹ́yìn ọgbà. Ọkùnrin kan ju fìlà rẹ̀ sókè, ó sá lọ dì mọ́ màlúù rẹ̀ lọ́rùn. Mo yíjú padà láti wo Ìyá Ṣèkí. Kò yọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn Dúdúyẹmí ló ń wò.

Pupa ti kúrò lára rẹ̀. Kò sì tutù. Funfun ni, funfun bí ẹfun, kò tàn, kò ṣẹ́jú. Ti màlúù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà funfun. Mo wo àwọn méjì tí ìlẹ̀kẹ̀ wọn kò pọ́n ní gbogbo òwúrọ̀, àwọn méjì tí wọ́n ti bọ́. Ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́nu ọpọ́n tí ó ń mu omi. Bí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ṣe di funfun báyìí, ìdérí ọpọ́n náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ó má baà ha á lẹ́nu. Màlúù náà yọ orí. Ìdérí dé.

“Kí lẹ ṣe?” mo kígbe mọ́ ọn. “Kí ló dé tí ẹ ti gbogbo rẹ̀?”

“Màlúù tí kò bá ní ìlà, kò ní ìwọ̀n. Màlúù tí kò bá ní ìwọ̀n, kò ní ìpín nínú omi. Ìwádìí tuntun yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì gba oṣù mẹ́rìnlá. A tọrọ àforíjì fún ìnira.”

“Ní abà yìí nìkan?”

“Ní gbogbo ibi tí Ìlà náà dé.”

Mo ti ka òfin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n ṣe bí ẹni tí kò kà á. Mo kà á ní ọdún tí wọ́n gbé e jáde, mo tilẹ̀ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe fún wọn níbẹ̀. Apá tí ó sọ nípa màlúù tí kò ní ìlà, mo sáré kọjá lórí rẹ̀, nítorí ìlà wà, èmi ni mo sì ṣe é, ta ni yóò pa á rẹ́? Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Mo wá gba màlúù mẹ́sàn-án là, mo sì fi ẹnu mi pa gbogbo màlúù Òkè-Ògùn.

“Ẹ gbọ́,” mo wí. Mo di ọrùn irin rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì. “Ẹ gbọ́, mo purọ́. Ohun tí mo sọ báyìí ni irọ́. Ìwádìí náà dára. Mi ò bu nǹkan kan lé e. Ẹ dá Ìlà padà.”

“Ẹ káàárọ̀,” ni Òṣùwọ̀n dáhùn. “Ẹ jọ̀ọ́, ta ni à ń bá sọ̀rọ̀? A kò dá ohùn yín mọ̀.”

“Ìbídùnní ni! Ìbídùnní Ọdẹ́tòún!”

“Ẹ má bínú. Kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa.”

Mo ń gbọn ẹ̀rọ náà, mo ń sunkún, mo ń sọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ojú tì mí. Òun náà ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ kí n rọra, kí n má baà fara pa. Kúforíjì ló wá tú ọwọ́ mi kúrò lára rẹ̀, ìka kan tẹ̀lé èkejì.

“Ó tó, Dókítà,” ló wí. Lẹ́yìn náà ó rántí pé n kì í ṣe dókítà fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ó ti tó, ẹ̀gbọ́n.”

Ó lọ ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ òfìfo. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ha etí. Mo rí i pé ó ń wá bí ó ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní dunni.

“Màá padà wá lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ mẹ́rin òní,” ló wí níkẹyìn. “Ẹran òkú ò nílò àtẹ̀ka.”

Ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Òṣùwọ̀n dágbére fún gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ti màlúù ti ènìyàn, ó sì fi ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ojú ọ̀nà lọ sí abà tó kàn.

Ìyá Ṣèkí kò bú mi. Ì bá jẹ́ pé ó bú mi. Ó kàn sún mọ́ mi, ó béèrè bí ènìyàn ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ ọ́n.

“Ọjọ́ mélòó ni wọ́n lè lò láìmu omi?”

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti ṣe ìwádìí rẹ̀ rí, nínú ilé, pẹ̀lú màlúù méjìlá, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn.

“Mẹ́ta, Ìyá. Nínú ooru báyìí. Èyí tó bá ń fún ọmọ lọ́mú, kò ní tó bẹ́ẹ̀.”

Ó mi orí. Ó rìn lọ sí ibi ẹ̀rọ omi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ẹ̀rọ náà kí i, ó sì tú lítà mẹ́wàá fún un. Ó gbé e rù, ó gbé e wá, ó dà á sínú agbada kan síwájú Dúdúyẹmí. Mo gbọ́ bí màlúù náà ṣe ń fà á. Kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ó ń lá ìdí agbada náà kí Ìyá Ṣèkí tó nà ró tán. Ogójì lítà ló máa ń mu lóòjọ́.

Àwọn obìnrin tí ó kù ti ń tò lọ síbi ẹ̀rọ. Wọ́n ń gbé ike wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ti òní nìyẹn, ti mímu, ti sísè, ti ìwẹ̀ ọmọ. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìdúró. N kò lè ṣe kí n má ṣe é. Bí gbogbo wọn bá fi gbogbo omi wọn sílẹ̀, màlúù á lo ọjọ́ díẹ̀ sí i, àwọn ọmọ ọwọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn kí ọjọ́bọ̀ tó dé. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́ fún wọn. Mo wá wo ara mi, mo bi ara mi pé ta ni mo jẹ́ tí mo tún fẹ́ ka iye fún wọn. Mo pa ẹnu mi dé.

Ọmọ màlúù tí ó ní funfun níwájú orí ti fi ọmú sílẹ̀. Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ó wá ń fi imú tì wá lẹ́sẹ̀, èmi àti Ìyá Ṣèkí.

“Omi wà nínú mọ́tò rẹ?” ni Ìyá Ṣèkí béèrè. Kò wò mí.

“Ó wà, Ìyá. Ike kan. Lítà méjì.”

Ó mọ̀ pé omi mìíràn kò sí fún mi mọ́. Ó dúró sẹ́yìn mi nígbà tí mo fi ọwọ́ lé gíláàsì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì mọ ìwé tí wọ́n kọ sójú ẹ̀rọ omi ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ọ̀nà Ìgbòho jẹ́ ìrìn ọjọ́ méjì fún ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kò ní dá ọwọ́ tí ó ń tan án mọ̀ mọ́.

“Gbé e wá.”

Mo lọ gbé e. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tú ìdérí rẹ̀, ó da gbogbo rẹ̀ sínú igbá fún ọmọ màlúù náà, ó sì dá ike òfìfo padà fún mi.